Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Ọmọlúwàbí

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, baba arúgbó kan fi ìkẹyìn ayé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ òwe yìí.

John Graham ni orúkọ rẹ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, ṣùgbọ́n àdììtú ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crossword, ni ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Láti ọdún 1958 ni àwọn òǹkàwé Guardian ti ń tú tirẹ̀. Araucaria, orúkọ igi kan, ni ó fi ń bojú. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká, tí iṣẹ́ àlùfáà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà kan, àdììtú yìí ni ó fi ń jẹun.

Ẹni tí yóò tú irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀rọ̀ gbọ́. Bí a bá pa á lálọ̀ọ́ pé "awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́", àpèjúwe kan ṣoṣo ni a fún wa kí a tó dáhùn pé ahọ́n ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni àdììtú Gẹ̀ẹ́sì máa ń là wọ ilé kan náà: apá kan gbólóhùn a sọ ìtumọ̀ ìdáhùn, apá kejì a fi eré ọ̀rọ̀ júwe rẹ̀. A lè da lẹ́tà rú. A lè fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan sì lè ru ìtumọ̀ méjì. Ibi tí apá méjèèjì ti pínyà ni ó ṣòro í rí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, baba yìí, ẹni ọdún 91, kọ ọ́ sókè àdììtú rẹ̀ pé ohun tí ó wà ní nọ́ńbà 18 ń bá òun jà. Kí ni ó wà níbẹ̀? "Àmì ìdàgbà" péré. Ẹni tí ó kà á lójú lásán yóò rò pé ohun rere ni. Ṣùgbọ́n "àmì" tọ́ka sí àmì ìràwọ̀ méjìlá. "Ìdàgbà" lédè wọn sì tún ni kókó tí ń hù nínú ara. Cancer ni ìdáhùn: akàn láàárín àwọn ìràwọ̀, àrùn jẹjẹrẹ nínú ara. Nọ́ńbà mìíràn fi hàn pé ọ̀nà ọ̀fun ni ó wà.

Ẹlòmíràn lè bi í pé kí ló dé tí kò fi là á mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti ń tú àdììtú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní bi í bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ orúkọ àrùn náà, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, sínú àpótí kéékèèké. Bí ẹni gba àrokò ni: ẹni tí ó tú ẹrù ni ó mọ ìwúwo rẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni baba kú. Àbọ̀ ni ó sọ. Odidi ni wọ́n gbọ́.