Ìdí Ìbọn Bàbá Mi

Ẹni tó bá rí ojú ọ̀tún mi tó fọ́ yìí, á ní jàǹbá ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀ o. Ìbọn ni.

Lọ́dún 1983 ni mo ti Ìbàdàn lọ sílé láti ṣe ìpà ọdẹ bàbá mi. Látìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ ni ṣakabùlà rẹ̀ ti wà lórí àjà, kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Nígbà ayé rẹ̀, tó bá ti igbó dé, kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ, á ti fi omi gbígbóná fọ inú ọ̀pá ìbọn, á nù ún gbẹ, á fi òróró pa á. Èérí ẹ̀tù tó ti jó a máa fa omi mọ́ra. Omi yẹn ló ń jẹ irin.

Mo gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ. Ó wo irin tí wọ́n fi dí ìdí ọ̀pá náà, ó mi orí.

"Ọmọ, ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Fi í sílẹ̀ di ọ̀túnla, kí n rọ òmíràn."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ yìn ín."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti yìn ín, iwájú kọ́ ni iná gbà jáde. Ẹ̀yìn ló gbà.

Bàbá mi fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọdẹ, ojú méjèèjì ló gbé wọ sàréè. Alágbẹ̀dẹ yẹn náà ló padà rọ ìdí tuntun síbọn ọ̀hún. Mò ń fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n n kò yìn ín mọ́.