Àrọ Ìmọ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni a ó ti ríran tó. Ọ̀rọ̀ yìí tọ̀nà fún ẹni tí ń kàwé lálẹ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà fún ẹni tí ń ya fọ́tò àwọn ẹ̀dá kéékèèké ní ìsàlẹ̀ òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó rí nínú yàrá tí páànù rẹ̀ lu, ẹ ti rí bí oòrùn ti ń gba ojú ihò náà wọlé bí ọ̀pá funfun, tí eruku sì ń jó nínú rẹ̀. Eruku náà ti wà nínú yàrá tẹ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó tú àṣírí rẹ̀. Omi òkun ní eruku tirẹ̀ pẹ̀lú, iyanrìn tí ó rú sókè àti àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ń léfòó kiri. Bí fúláàṣì bá tàn káàkiri, gbogbo wọn a tàn pẹ̀lú rẹ̀, fọ́tò náà a sì dà bí èyí tí a bu èlùbọ́ lù.

Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe láti fi iná sílẹ̀, nítorí pé omi a máa gbé àwọ̀ mì. Pupa ni ó kọ́kọ́ ń lọ; nígbà tí a bá fi dé nǹkan bí mítà 10, ohun tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ lókè a ti ṣú lójú wa. Ìmọ́lẹ̀ tí a bá gbé súnmọ́ ọn nìkan ni ó lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ohun èlò tí a fi ń fún ìmọ́lẹ̀ náà pọ̀ sí ojú kan ni àwọn oníṣẹ́ yìí ń pè ní snoot. Èmi ń pè é ní àrọ ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ó dà bí àrọ tí a fi ń rọ kẹrosíìnì sínú ìgò: ó gbòòrò níbi tí ó ti gba orí fúláàṣì, ó sì tín-ín-rín níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde. Àwọn kan ní awò nínú tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Òmíràn kò ju páìpù dúdú lásán lọ. Ẹ ká bébà dúdú mọ́ ẹnu tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, ẹ ó rí i bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ó bá bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà a hàn kedere, iyanrìn àti pàǹtí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì wà nínú òkùnkùn biribiri.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ rí ni ó fi tirẹ̀ hàn mí. Ọ̀nà omi Lembeh ni ó ti lò ó, láàárín erékùṣù Sulawesi àti erékùṣù Lembeh ní Indonéṣíà, níbi tí iyanrìn ti dúdú nítorí pé òkè oníná ni ó bí i. Lójú àlejò, ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ààtàn, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá tí ń bẹ nínú rẹ̀ kò lóǹkà. Iṣẹ́ náà le. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi ìwọ̀n ìka kan ṣìnà, fọ́tò a dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn fúláàṣì kan ní àtùpà kékeré ní àárín orí wọn, tí ń gba inú àrọ kọjá láti fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ńlá yóò bọ́ sí hàn. Èyí tí àtùpà rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kò wúlò fún èyí. Omi ń ti ọwọ́, ẹja ń rìn, afẹ́fẹ́ inú àgbá tí òmùwẹ̀ gbé pọ̀n sì ń tán lọ. Mo bi í pé mélòó ni ó ń dára nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, bí márùn-ún bá dára, ọjà tà lọ́jọ́ náà.”

Fọ́tò rẹ̀ kan mú mi dákẹ́: ẹṣin-òkun kan tí gígùn rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 3. Ọdún 1969 ni Georges Bargibant kọ́kọ́ rí irú rẹ̀ ní New Caledonia, kì í sì í ṣe òun ni ó ń wá. Ẹ̀dá tí ó rí bí abẹ̀bẹ̀ ni ó ń kó jọ fún ilé ìfihàn ẹja, ara rẹ̀ ni ó ti bá a. Kókó ara ẹja náà bá ti abẹ̀bẹ̀ yìí mu tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán ń fò ó.

Níbí ni iyàn ti bọ́ sáàárín wa. Mo ní, ẹ̀dá tí a dá mọ́ ìsápamọ́, tí kò ní ìpéǹpéjú tí yóò fi ṣẹ́jú, kí ni ó dé tí a fi ń tan iná sí i lójú? Ó dá mi lóhùn pé àwọn onímọ̀ tí wọ́n tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2019 kò rí i pé fúláàṣì ba ojú ẹṣin-òkun tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́. Ọwọ́ tí ń ti ẹja kí ó lè kọjú sí kámẹ́rà ni ó ń dà á láàmú jù. Mo gba ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán nínú mi. Ẹni tí ń fi ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín wá ojú ẹja a máa pẹ́ lórí rẹ̀ ju ẹni tí ó tan iná káàkiri lọ, ẹlòmíràn sì lè ti máa dúró de àyè lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ń pinnu iye fọ́tò tí wọn yóò yà kí wọ́n tó wọ omi ni mo yìn.

Mo bi í pé mélòó ni òun yà lára ẹṣin-òkun yẹn. Ó ní mẹ́rin. Nígbà tí ó fẹ́ ya ìkarùn-ún, ẹja náà yí ẹ̀yìn padà sí i, ó sì pa àtùpà, ó gòkè. Mo ní ṣé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tán ni. Ó ní rárá, ó ṣì kù.