Ẹja Díndín àti Gírámà Gẹ̀ẹ́sì

Bí àwọn ọmọ ìjọ wa ní Akute bá mú iṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì wá bá mi, gerund àti participle ni ó sábà máa ń dá wọn dúró. Wọ́n ti há a sórí pé méjèèjì ní “-ing” nídìí, wọn kò sì mọ bí a ti ń dá wọn mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà lẹ́nu wọn. Ẹ wo obìnrin tí ń dín ẹja lẹ́bàá ọ̀nà. Òyìnbó á ní “Frying fish is her work”, á sì tún ní “the woman frying fish”. “Frying” kan náà ni létí, ṣùgbọ́n Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀. Ẹja díndín ni iṣẹ́ rẹ̀: gerund nìyẹn, orúkọ ohun tí à ń ṣe. Obìnrin tí ń dín ẹja: participle nìyẹn, ó ń ṣàpèjúwe ẹni tí ń ṣe é. Èdè tiwa náà kò ṣàìní ìdijú o. Ẹja tí ó ti jinná nínú epo, tí a rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja díndín náà ni à ń pè é, níbi tí Òyìnbó ti ń sọ pé “fried”.

Nígbà mìíràn Yorùbá a máa ṣini lọ́nà. Nítorí pé a lè sọ pé “mo ń retí àtirí yín”, àwọn ọmọ a máa kọ “I am looking forward to see you”. Rírí ni ọ̀rọ̀ náà ń béèrè níbẹ̀: “seeing”.

Ọ̀rọ̀ participle kò sì parí sí yàrá ìdánwò. Ìgbà tí mo kọ́ èdè Gíríìkì ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ni mo rí i pé, nínú Matteu 28:19-20, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni ó gbé àṣẹ náà: sísọ àwọn orílẹ̀-èdè di ọmọ-ẹ̀yìn. Participle ni lílọ, ìrìbọmi àti kíkọ́ni, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn. Mo ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ tí ó fi lílọ ṣe olórí.

Ohun tí ó ń dùn mí ni ilé tí wọ́n ti ń bá ọmọ wí nítorí pé ó sọ Yorùbá, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí “-ing” bá tún sú ọmọ yín lálẹ́, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà fún yín ní Yorùbá.