Ìbọn àti Ọta nínú Gáréèjì Gbígbóná

Ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, gáréèjì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń kó ohun tí kò ráyè nínú ilé sí, ìbọn àti ọta a sì máa wà lára rẹ̀. Lóṣù keje àti oṣù kẹjọ, ìta lásán máa ń kọjá ìwọ̀n 35 Celsius. Gáréèjì tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀, tí ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì gbóná tún wá wọlé sí, á gbóná ju ìta lọ dáadáa. Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ ń bani ni pé kí ọta má lọ bú gbàmù fúnra rẹ̀. Bóyá ẹ̀tù dúdú tí àwọn ọdẹ ń rọ sínú ìbọn ṣakabùlà ló gbin ẹ̀rù yìí síni lọ́kàn, nítorí bí iná bá ta pàrà sí i báyìí, ó ti tán. Ẹ̀tù inú ọta òde òní yàtọ̀. Ó di kí ooru tó nǹkan bí ìwọ̀n 160 Celsius kó tó gbiná, oòrùn nìkan kò sì lè mú gáréèjì kankan gbóná débẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ooru ń ba ẹ̀tù jẹ́. Nitrocellulose, tó jẹ́ èròjà rẹ̀ gan-an, kì í yé tú ká. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ á di ásíìdì, ásíìdì náà á sì tún mú kí ìtúká náà yára sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe é fi ń po kẹ́míkà bíi diphenylamine mọ́ ọn, kó lè máa gba gáàsì náà mọ́ra. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kẹ́míkà yìí ń tètè tán. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Faransé tó ń jẹ́ Iéna bú ní èbúté Toulon ní 1907, tí Liberté tún bú níbẹ̀ ní 1911, ẹ̀tù tó ti bàjẹ́ ni wọ́n dá lẹ́bi, ọ̀pọ̀ atukọ̀ ló sì bá a lọ. Ọta inú páálí kò lè ṣe irú èyí, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti pẹ́ nínú ooru lè má dún, tàbí kó dún pẹ̀lú agbára tí kò bára mu.

Ọ̀rinrin ló tètè ń ṣọṣẹ́ ju ooru lọ. Houston kò jìnnà sí òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún omi. Bí òtútù bá mú irin ìbọn lóru ọjọ́ kan lásìkò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná wá fẹ́ padà láti etí òkun, omi á sẹ̀ sára irin náà, á sì dógùn-ún. Òróró díẹ̀ lára irin ń ṣèrànwọ́ púpọ̀. Àpò aláwọ tàbí oní-fóòmù kò dára fún ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́, torí ó máa ń fa omi mọ́ra. Kí a gbé sééfù sórí pákó, nítorí omi máa ń gba inú kọnkéré gòkè, kí a sì fi silica gel sínú rẹ̀, kí ọ̀rinrin má fi bẹ́ẹ̀ kọjá ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó wà nítòsí ọta náà ṣe pàtàkì. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àwọn ọmọ ogun wọn máa ń kó ọta sí ilé ẹṣin lásìkò òjò, wọ́n á sì rí i pé ìkarahun idẹ rẹ̀ ti là. Ammonia inú ìtọ̀ ẹṣin ló ń fà á, ọdún 1921 ni àwọn onímọ̀ tó ṣàlàyé rẹ̀ yanjú. Nítorí náà, ajílẹ̀ àti ohun ìfọlé tó ní ammonia kò gbọ́dọ̀ bá ọta gbé pẹpẹ kan náà. Pẹtiróòlù, ọ̀dà àti ẹ̀rọ amómigbóná oníná gáàsì náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn.

Bí ilé bá ń jó, ọta tó wà nínú páálí á bú, àfọ́kù idẹ á máa fò, ṣùgbọ́n kò ní lágbára bí èyí tí ìbọn yìn. Ìbọn tí ọta ti wà nínú rẹ̀ ni ewu ńlá: iná lè yìn ín bí ẹni pé ènìyàn ló fà á, kó sì ba panápaná tó wá ṣèrànwọ́.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gáréèjì ni ibi tí ọmọdé ń wọlé wọ̀de sí, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń wà ní ṣíṣí níṣojú ẹni tó ń kọjá. Òfin Texas sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó bá fi àìbìkítà jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 tẹ ìbọn tó ní ọta nínú. Kí a yọ ọta kúrò, kí a ti ìbọn mọ́ sééfù tí a kàn mọ́lẹ̀, kí a sì ti ọta mọ́ ibòmíràn tó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí kọ́bọ́ọ̀dù kan bá wà nínú ilé tí ẹ̀rọ amúlétutù ń dé, ibẹ̀ sàn ju gáréèjì lọ fún méjèèjì.

Ọta tí idẹ rẹ̀ bá ti là tàbí tó ti hu ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé kò ṣeé yìn mọ́, kò sì ṣeé jù sínú pàǹtí. Ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà máa ń gbà á, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù kí a tó gbé e lọ.