Òbí Ni Etí Àkọ́kọ́

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń lu dùndún ní Ògbóòrò àti àbúrò rẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá kílé ló jọ ń sọ̀rọ̀.

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo bá wá. Ó ń kọ́ fàyólìn. Mo ra èyí tó dára fún un, mo sì ń sanwó olùkọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ní kó gbé e jáde, ẹkún ni.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló máa ń jókòó tì í?

ÀBÚRÒ: Kò sí o. Iṣẹ́ kì í jẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ tètè wọlé. Olùkọ́ ló ń rí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ilé ló ni ọjọ́ mẹ́fà tó kù. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọmọ tó di kọ̀ǹgọ́ mú, ìlù ti kún etí rẹ̀. Omele la kọ́kọ́ ń gbé fún un, torí ohùn kan náà ló máa ń tẹnu mọ́. Ojú agbo gan-an ló ti ń lù ú. Bó bá ṣì í lù, àwọn àgbà tó yí i ká á gbé e. Ìyáàlù ṣì jìnnà sí i, àmọ́ ó ti di ọ̀kan lára onílù.

ÀBÚRÒ: Ṣé ẹ kì í bá a wí ni?

Ẹ̀GBỌ́N: À ń bá a wí, ṣùgbọ́n a kì í fi ìlù jẹ ọmọ níyà. A kì í sì gbé èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ kọ́ ọ lọ́rùn, kànnàngó wà.

ÀBÚRÒ: Fàyólìn náà ní kékeré tó bá apá ọmọdé mu. Ṣùgbọ́n ohun kan ń kọ mí lóminú nílé níbí. Òyìnbó ni ọ̀pọ̀ òbí ń bá ọmọ sọ. Ohùn Yorùbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀: ẹ fún ọṣán, ohùn ròkè, ẹ dẹ̀ ẹ́, ó wálẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá rẹ̀, kí ni yóò fi ìlù wí?

Ẹ̀GBỌ́N: Òótọ́ ni, ó sì dùn mí. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń lé ọmọ kúrò nídìí ìlù pé iṣẹ́ alágbe ni.

ÀBÚRÒ: Kí wọ́n wo Sikiru Adepoju, ọmọ Èrúwà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ìlù lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Òun àti àwọn onílù bíi tirẹ̀, Mickey Hart, Zakir Hussain àti Giovanni Hidalgo, ló jọ ṣe àwo orin Global Drum Project tó gba ẹ̀bùn Grammy ní 2009. Fẹlá Ṣówándé tó tẹ dùùrù dé Lọ́ńdọ̀nù náà, ọ̀dọ̀ baba rẹ̀ tó jẹ́ àlùfáà ni orin ìjọ ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára.

Ẹ̀GBỌ́N: O ò rí i pé baba ló wà nídìí méjèèjì? Máa sanwó olùkọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá padà, bó ṣe ìṣẹ́jú 10 péré lójúmọ́, jókòó tì í. Ní kó ta orin tí ìwọ náà mọ̀, kí o sì máa gbè é. Bí àlejò bá wá, jẹ́ kó ta á fún wọn gbọ́.

ÀBÚRÒ: Èmi tí n kò mọ fàyólìn ta?

Ẹ̀GBỌ́N: Ìyá wa ò lu ìlù rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ́wọ́, wọn á pariwo láti ìdí ààrò pé, "Kí lo wí yẹn?" Bí kò bá yé wọn, mo mọ̀ pé mi ò tíì lù ú re nìyẹn, màá tún un lù. Òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun mọ orin, kó máa wá àyè gbọ́ ọ lójoojúmọ́.