Fèrè Lọ́rùn Apẹja

Ní Agbábù, ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, Odò Olúwa ń ṣàn lọ sí ọ̀sà. Apẹja tó dá tukọ̀ lóru lè ké "Ẹ gbà mí o!" títí ohùn á fi há, kí igbó sì gbé igbe náà mì.

Ohùn fèrè kì í há. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wà lára jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà. Kí apẹja fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kó sinmi, kó tún fọn. Ó lè tan tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Fóònù ńkọ́? 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ fóònù tó ti mumi kò lè pe ẹnikẹ́ni, nítorí náà inú ọ̀rá tí a dì pinpin ni kó wà.

Ẹ̀yin apẹja, kí ẹ tó tukọ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti àsìkò tí ẹ óò dé fún ará ilé.