Ìpànìyàn ni àbí Àìbìkítà?
Ní oṣù kẹta ọdún 2010, Molemo Maarohanye, olórin tí wọ́n ń pè ní Jub Jub, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ọkọ̀ bára wọn sáré ní Soweto, Johannesburg. Wọ́n kọlu àwọn akẹ́kọ̀ọ́; mẹ́rin kú.

Òfin àjogúnbá Gúúsù Áfíríkà ní ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pa ènìyàn ni apànìyàn. Ẹni tó rí i tẹ́lẹ̀ pé ikú lè ti ọwọ́ òun wá, tó sì ní kó ṣẹlẹ̀ bó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, òun náà mọ̀ọ́mọ̀ ni. Lórí èyí ni ilé ẹjọ́ kékeré fi dá wọn lẹ́bi ìpànìyàn ní 2012.

Ní 2014, ilé ẹjọ́ gíga yí i sí pípa ènìyàn nípa àìbìkítà: oògùn olóró tó gùn wọ́n ti lè jẹ́ kí wọ́n gbà pé jàǹbá kò ní ṣẹlẹ̀. Oògùn tó yẹ kó bu kún ẹ̀bi wọn ló wá bu ẹ̀wọ̀n wọn kù. Ó bá òfin mu, kò sì rọrùn láti ṣàlàyé fún òbí tó sin ọmọ.